Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ọkàn Douglas: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ní gúúsù Skọ́tíláńdì

Ọjọ́ kìíní, Àbámẹ́ta. Láti Glasgow sí Douglas

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìtàn ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Mungo Park àti Mary Slessor nìkan ni ará Skọ́tíláńdì tí mo máa ń dárúkọ ní kíláàsì. Oṣù mẹ́ta tí mo wá lò lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Glasgow ni mo fi ka ìtàn ilẹ̀ náà ní ilé ìkàwé àdúgbò, kò sì pẹ́ tí ìdílé kan fi gbà mí lọ́kàn ju gbogbo ìdílé yòókù lọ. Ìdílé Douglas ni, pàápàá James Douglas, ìjòyè tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1286, tó sì kú sójú ogun ní Spéìnì ní 1330. Nígbà tí ọmọ mi gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé yín lọ síbi tí wọ́n sin àwọn èèyàn yín yìí sí, kí etí tèmi náà lè sinmi."

A kúrò nílé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a gba ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí gúúsù, nígbà tó sì tó nǹkan bí wákàtí kan a yà bọ́ sí abúlé Douglas, nínú àfonífojì odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Odò ló ni orúkọ, ìdílé ló yá a lò. "Omi dúdú" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gaelic. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì St Bride tí a tìtorí rẹ̀ wá wà ní títì. Àwa la jẹ̀bi, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, a kò sì ti béèrè ṣáájú. A wá ń rìn yí ìta ká láàárín àwọn ibojì, bẹ́ẹ̀ ni aago tó wà lára ilé-ìṣọ́ náà lù ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọmọ mi wo fóònù rẹ̀, ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago márùn-ún lù, aago wọn ti ń ṣàìsàn. Kò ṣàìsàn o. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé láti 1565 ni aago náà ti wà, àti pé ńṣe ni a mọ̀ọ́mọ̀ mú un yá, nítorí gbólóhùn èdè Faransé tí ìdílé Douglas kọ sára àmì wọn ń sọ pé àwọn kì í kẹ́yìn láé.

Lálẹ́, ní ilé àlejò tí a wọ̀ sí, mo ròyìn bàbá James fún un. William Douglas, ẹni tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Ògboyà, kì í ṣe ẹni tí mo lè ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lẹ́yìn ikú ìyá James, Elizabeth Stewart, William lọ ká opó ọlọ́lá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eleanor, mọ́ ibi tó wọ̀ sí ní Tranent, ó fi ipá gbé e lọ, ó sì fi ṣe aya, títí Ọba Edward Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bu owó ìtanràn lé e. "Dádì, ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó, ìjínigbé ni," ni ọmọ mi wí, n kò sì bá a jiyàn. Ní 1296, òun ni olórí ẹ̀ṣọ́ ilé olódi Berwick nígbà tí Edward gba ìlú náà tó sì pa àwọn ará ibẹ̀ nípakúpa. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó dara pọ̀ mọ́ William Wallace, ẹni tó kó àwọn ará Skọ́tíláńdì jọ láti bá Edward jà, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì kú sẹ́wọ̀n ní London ní nǹkan bí 1298. Ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Clifford. Ọmọ tó yẹ kó jogún ilẹ̀ náà wà ní Paris, níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí, kò sì tí ì ju ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ.

Ọjọ́ kejì, Àìkú. Inú ṣọ́ọ̀ṣì St Bride

A rí kọ́kọ́rọ́ gbà lówùúrọ̀. Apá ibi pẹpẹ ló ṣẹ́kù tó ní òrùlé lára ṣọ́ọ̀ṣì náà, inú rẹ̀ sì tutù bí ìsàlẹ̀ kànga. Nígbà tí ojú mi mọ́ òkùnkùn náà díẹ̀, mo rí i: ère òkúta ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó wọ ẹ̀wù irin, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì bí ẹni tó ń sinmi lábẹ́ igi. James Douglas nìyẹn. Ojú òkúta náà ti họ débi pé mo ní láti fi ọkàn wá ibi tí imú wà. Ó dùn mí, nítorí mo mọ ohun tí John Barbour sọ nípa ojú yẹn. Barbour, àlùfáà àgbà kan ní Aberdeen, gba ìtàn àwọn ogun tí Skọ́tíláńdì bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà sílẹ̀ bí ewì gígùn ní nǹkan bí 1375, lọ́dọ̀ àwọn tí bàbá wọn bá wọn jà. Ó ní awọ ojú James rí bí eérú díẹ̀, irun rẹ̀ dúdú, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo díẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó tún ní nígbà tí James dé Spéìnì, akọni kan tí ojú rẹ̀ kún fún àpá ogun wá a wá, ẹnu sì yà á pé ojú ẹni tí wọ́n ń ròyìn káàkiri ayé báyìí ń dán láìní àpá kan. James fèsì pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní ọwọ́ tó ń gbèjà orí òun nígbà gbogbo. Ọwọ́ òkúta kò lè gbèjà ojú òkúta. Ìtàn àwọn ará abúlé sọ pé àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn James, so ẹṣin wọn mọ́ inú ilé yìí.

Orí ilẹ̀ yìí gan-an ni ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ti ṣẹlẹ̀, ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún 1307. Àwọn ọmọ ogun Clifford ló ń gbé ilé olódi bàbá rẹ̀. James yọ́ wọ àdúgbò náà, ó fara hàn fún Thomas Dickson, ìránṣẹ́ àtijọ́ tó sin bàbá rẹ̀, ẹni tó rí i tó sì bú sẹ́kún. Ní ọjọ́ náà, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọ aṣọ àgbẹ̀ bo ohun ìjà, wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn tó mú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ wá sí ìsìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá nínú ilé olódi náà nítorí ìsìn. Alásè àti adènà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹnì kan kò lè mú sùúrù, ó pariwo "Douglas!" kí àkókò tó tó, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Nígbà tó parí, àwọn ará James lọ jókòó ti oúnjẹ tí alásè ti sè kalẹ̀ fún àwọn olówó rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n kó ohun tó níye lórí, wọ́n da ọkà, ìyẹ̀fun àti wáìnì jọ sí ilẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n bẹ́ orí àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú sórí rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n da iyọ̀ àti òkú ẹṣin sínú kànga. Àká Douglas ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọjọ́ náà di òní.

Ọmọ mi béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní James Rere. Mo ní àwọn ará Skọ́tíláńdì ló ń pè é bẹ́ẹ̀; Douglas Dúdú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é, wọ́n sì ní àwọn ìyá ní ààlà a máa fi orúkọ yẹn rẹ ọmọ lẹ́kún pé Douglas Dúdú kò ní í rí i gbé. Ẹni kan náà ni orúkọ méjèèjì ń júwe, ìgbẹ̀yìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó sọ wọ́n rí. Ní tèmi, n kò lè fi ọwọ́ rere mú ohun tó ṣe sí àwọn tó ti juwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó yé mi ìdí tí kò fi fẹ́ kí ilé bàbá òun gbé ẹlòmíràn mọ́.

Nínú ilẹ̀, lábẹ́ gíláàsì, àpótí òjé kékeré méjì wà. Wọ́n ní ọkàn James ló wà nínú ọ̀kan. Ibojì ńláńlá méjì mìíràn tún wà nínú ilé náà, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí jù, nítorí n kò tí ì rí ibi tí àwọn òkú ti dojú kọra báyìí rí. Ọ̀kan jẹ́ ti Archibald, Earl Karùn-ún ti Douglas (Earl jẹ́ oyè ìjòyè ńlá), tó kú ní 1439. Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1440, wọ́n pe ọmọ rẹ̀ William, Earl Kẹfà, tí kò tí ì pé ogún ọdún, àti àbúrò rẹ̀ David, wá bá ọba jẹun ní ilé olódi Edinburgh. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọba James Kejì nígbà náà, àwọn àgbà ìjòyè ló ń ṣèjọba lórúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn ọmọ méjèèjì, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà ẹ̀yìn fi kún un pé wọ́n gbé orí màlúù dúdú síwájú wọn lórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí àmì ikú. Ibojì kejì jẹ́ ti ẹni tó jogún wọn: àbúrò bàbá-bàbá wọn, James tí wọ́n ń pè ní Ọ̀sanra, Earl Keje, tó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aya rẹ̀ Beatrice Sinclair, wọ́n sì fín àwòrán àwọn ọmọ wọn wẹẹrẹ sí ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i pé ó gbé ìka sókè láti gbẹ̀san ikú àwọn ọmọ náà. Mo dúró láàárín bàbá àwọn tí a pa àti ẹni tí ikú wọn mú jẹun, n kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ní ọ̀sán a rìn dé ibi tí ilé olódi náà wà. Ilé-ìṣọ́ kan ṣoṣo tí kò ga ló kù. Ilé ńlá tí wọ́n wá kọ́ síbẹ̀ nígbà tó yá ni èédú tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ mú kó máa mì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó o ní 1938.

Ọjọ́ kẹta, Ajé. Threave

Bí a ṣe ń wakọ̀ lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ọmọ mi ní òun kò mọ bí àwọn Archibald àti James wọ̀nyí ṣe tan mọ́ra, orúkọ méjì péré ni wọ́n ń sọ ọmọ. Mo ní ohun tó jẹ́ kí wọ́n ní ìnagijẹ nìyẹn. Ilé tí orúkọ kò bá pọ̀, àlàjẹ́ ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀: Ògboyà, Rere, Afajúro, Apàdánù, Ọ̀sanra, títí dé Hugh, arákùnrin James, àlùfáà tí wọ́n pè ní Ẹni-tí-kò-já-fáfá, orúkọ tó máa le fún olúwarẹ̀ láti gbé wọnú ìtàn.

Ọ̀nà tí ogún náà gbà rìn kò tọ́. A kò rí ìwé kankan tó sọ pé James Rere gbé ìyàwó. William ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà àti Archibald, ọbàkan James tó jẹ́ adelé ọba, kú lọ́jọ́ kan náà lójú ogun Halidon Hill, ọjọ́ 19 oṣù keje 1333. Hugh gba ilẹ̀ náà, ní 1342 ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọ Archibald yìí, ẹni tí wọ́n fi jẹ Earl Kìíní ti Douglas ní 1358. Nígbà tí Earl Kejì kú sógun láìní àrólé ní 1388, ẹni tó dìde gba oyè ni ọmọ àlè James, Archibald Afajúro. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú mọ́ lójú nígbà tó wà ní kékeré, tí a kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ló wá di alágbára jù lọ ní gúúsù Skọ́tíláńdì.

Òun ló kọ́ Threave, lẹ́yìn tí ọba fún un ní ilẹ̀ Galloway ní 1369. Láti ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, a rìn gba àárín oko tí màlúù ti ń jẹko títí a fi dé etí Odò Dee. Agogo kan wà ní etí omi; èèyàn yóò fa okùn rẹ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi yóò sì wá gbé e sọdá sí erékùṣù. Ọmọ mi fà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń bọ̀, ilé olódi náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, gíga, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, àjà márùn-ún ló ní, kò sì ní òdòdó kankan lára. Ilé ẹni tó ń fajú ro ni lóòótọ́. Lókè ẹnu ọ̀nà, òkúta kan yọ síta, ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sì sọ pé Archibald a máa fi okùn so àwọn ọ̀daràn rọ̀ sí i, kì í sì í jẹ́ kí òkúta náà wà lófìfo. Ilé yìí ló kú sí, nígbà ọdún Kérésìmesì 1400.

Mo fi ọwọ́ kan ògiri kékeré tó yí i ká, tí ihò ìbọn wà lára rẹ̀. Ní nǹkan bí 1447 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí ìbọn ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilẹ̀ náà. Ó wúlò: ní 1455, nígbà tí Ọba James Kejì fẹ́ pa ìdílé Douglas rẹ́, ó sàga ti Threave fún ohun tó lé ní oṣù méjì, ògiri kò wó, owó ló wá ṣí ilẹ̀kùn, nítorí ọba fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹ̀bùn bá àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan tún wà tí mo ń rò bí a ṣe ń padà lórí omi: Margaret, arábìnrin àwọn ọmọ méjì tí wọ́n bẹ́ lórí ní Edinburgh, ẹni tó jogún Galloway, tí wọ́n ń pè ní Arẹwà Galloway. William, ọmọ Ọ̀sanra, Earl Kẹjọ, fẹ́ ẹ kí ilẹ̀ lè padà sójú kan. Nígbà tí wọ́n pa William, James àbúrò rẹ̀, Earl Kẹsàn-án, ṣú u lópó. Àwọn àgbà wa mọ ṣíṣú opó dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ti ibẹ̀ ní láti gba àyè lọ́wọ́ Póòpù ní Róòmù kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Douglas bàjẹ́ tán, Margaret fi wọ́n sílẹ̀, ọba sì fà á fún ọbàkan tirẹ̀ láti fẹ́.

Ọjọ́ kẹrin, Ìṣẹ́gun. Sweetheart àti Lincluden

Òjò ni a fi jí, òjò ni a fi sùn. A kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì tó ń jẹ́ Sweetheart, òkúta pupa tí òrùlé ti ṣí lórí rẹ̀, tí Dervorguilla ọmọ Galloway dá sílẹ̀ ní 1273 ní ìrántí ọkọ rẹ̀, John Balliol. Nígbà tí ọkọ náà kú, obìnrin yìí ní kí wọ́n fi òórùn dídùn tọ́jú ọkàn rẹ̀, ó fi í sínú àpótí eyín erin, ó sì ń gbé e kiri títí wọ́n fi sin òun àti ọkàn náà pa pọ̀. Ọmọ wọn ni John Balliol kejì, tí Edward Kìíní fi jọba Skọ́tíláńdì, tó sì tún yọ lóyè ní 1296. N kò mọ̀ bóyá ìtàn yìí dé etí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ikú Robert Bruce, ọba Skọ́tíláńdì tí James Rere sìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ọ kò ní í ya ẹnu sí ohun tí mo máa kọ lọ́la.

Ní Lincluden, lẹ́bàá Dumfries, Archibald Afajúro lé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kúrò nínú ilé wọn ní 1389, ó ní wọn kò tọ́jú rẹ̀, ó sì kó àwọn àlùfáà síbẹ̀ láti máa gbàdúrà fún ìdílé òun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ní ibojì tó rẹwà jù níbẹ̀: Margaret, ọmọ Ọba Robert Kẹta. Ọkọ rẹ̀, Earl Kẹrin, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apàdánù ni wọ́n pè é, ó sì tọ́ sí i: ojú rẹ̀ kan fọ́ nínú ogun Homildon Hill ní 1402, wọ́n sì mú un, ó gbèjà àwọn tó mú un nínú ogun Shrewsbury ní 1403, wọ́n tún mú un, ó kó ogun lọ ran ọba Faransé lọ́wọ́, wọ́n fi í jẹ oyè ńlá ní Touraine, kò sì lo ọdún kan lórí oyè náà kí wọ́n tó pa á ní Verneuil ní 1424. Tours ni wọ́n sin ín sí. Omi kún bàtà mi, a padà sílé.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú. Melrose

Ojú ọjọ́ là. A gba Moffat kọjá, mo sì ní kí ọmọ mi dúró díẹ̀ létí ọ̀nà kí n wo àwọn òkè tó wà níbẹ̀. Ní àgbègbè yìí, ní oṣù kẹta 1306, ni James ti pàdé Robert Bruce tó ń lọ gba adé ní Scone. Bíṣọ́ọ̀bù William Lamberton ti St Andrews ló ti ń tọ́ James láti ìgbà tó ti Paris dé. Bíṣọ́ọ̀bù náà ti mú un lọ bá Edward ní Stirling ní 1304 láti bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ọba kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ nígbà tó gbọ́ ọmọ ẹni tó jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Lamberton fún un lówó, ó sì ní kó jí ẹṣin òun, Ferrand, kó ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀ sí i. Olùtọ́jú ẹṣin tí kò mọ àdéhùn náà kọ̀, James sì fi idà lù ú bolẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tó ọmọ ogún ọdún ló kúnlẹ̀ síwájú Bruce létí ọ̀nà náà. Kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ títí ikú fi yà wọ́n.

Bruce san án fún un. Gbogbo ilẹ̀ tí a gba inú rẹ̀ kọjá dé Melrose, títí kan igbó Ettrick, di tirẹ̀. Ní 1324, nígbà tí ọba jẹ ẹ́ lówó ìràpadà àwọn akọni Faransé kan tó mú lógun, ó fún un ní àṣẹ láti máa dá ẹjọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fi òrùka tí òkúta emerald wà lórí rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi rò pé níbẹ̀ ni wàhálà ìdílé náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjòyè tó ń dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ọba mọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó rí i.

Àwọn ọmọ ogun Edward Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jó ilé àwọn mọ́ńkì Melrose ní 1322, ti Ọba Richard Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún jó o ní 1385, èyí tó sì kù lónìí ṣì lẹ́wà ju ọ̀pọ̀ ilé tí kò jóná lọ. Lókè òrùlé, wọ́n fi òkúta gbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń fọn fèrè aláwọ. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú koríko tó wà nítòsí, òkúta róbótó kan wà nílẹ̀, ọkàn ni wọ́n fín sí i, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Barbour yí i ká, pé ọkàn ọlọ́lá kò lè rọgbọ bí kò bá sí òmìnira. Abẹ́ rẹ̀ ni àpótí òjé tí wọ́n wú ní 1921, tí wọ́n tún wú ní 1996, tí wọ́n sì dá padà sínú ilẹ̀ ní 1998 wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọkàn Bruce ló wà nínú rẹ̀.

Mo jókòó ti òkúta náà, mo sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ mi ní kíkún. Nígbà tí Bruce ń kú lọ ní Cardross ní oṣù kẹfà 1329, ó ní òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ bá àwọn ọ̀tá Ọlọ́run jà, ara òun kò sì gbà á mọ́, kí wọ́n yọ ọkàn òun kí ẹnì kan gbé e lọ. Àwọn ìjòyè yan James. Wọ́n sin òkú ọba ní Dunfermline, James fi ọkàn náà sínú àpótí fàdákà, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó sì wọkọ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ní Spéìnì, ó bá Ọba Alfonso Kọkànlá ti Castile níbi tó ti ń gbógun ti àwọn Mùsùlùmí Granada. Ní ẹ̀bá ìlú Teba, ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1330, àwọn ẹlẹ́ṣin Granada yí padà lójijì, wọ́n ká William Sinclair, ọ̀kan nínú àwọn akọni tó bá James wá, mọ́ àárín. James ti bọ́ kúrò nínú ewu; ó yí ẹṣin rẹ̀ padà láti lọ gba Sinclair sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa àwọn méjèèjì sí. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, pé ó ju àpótí ọkàn náà síwájú kó tó wọ ojú ogun, kò sí nínú ohun tí Barbour kọ́kọ́ kọ. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló fi adùn sí i. Ní tèmi, yíyí ẹṣin padà nítorí ọ̀rẹ́ ti tó.

William Keith, tí apá rẹ̀ ti kán tí kò fi lè jà lọ́jọ́ náà, ló kó wọn bọ̀ wálé. Wọ́n se òkú James nínú ìkòkò títí ẹran fi kúrò lára eegun, kí ó lè ṣeé gbé la òkun. Eegun lọ sí St Bride, ọkàn ọba wá sí Melrose. Láti ìgbà náà ni ìdílé Douglas ti ya ọkàn pupa sára asà wọn.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́bọ̀. Stirling

A yà ní Bannockburn, pápá tí Bruce ti ṣẹ́gun Edward Kejì, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí ọmọ mi ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Ní oṣù kẹfà 1314, Clifford tó gba ilẹ̀ bàbá James kú sórí pápá yìí, James sì lé Edward Kejì dé Dunbar pẹ̀lú ọgọ́ta ẹlẹ́ṣin tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Barbour ní ó tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí débi pé wọn kò ráyè dúró tọ̀. Ìlà yẹn nìkan ni ọmọ mi ní kí n tún kà.

Ilé olódi Stirling wà lórí àpáta, atẹ́gùn sì fẹ́ fi fìlà mi ṣòfò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ James Rere ló gbé mi wá síbí. William Earl Kẹjọ, ọmọ Ọ̀sanra, ni mo wá bá. Ó ti bá Earl ti Crawford àti Earl ti Ross mulẹ̀ láti máa ran ara wọn lọ́wọ́, ọba sì rí i pé àwọn mẹ́ta wọ̀nyí lágbára ju òun lọ. Ní oṣù kejì 1452, James Kejì, tí kò ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ́, ránṣẹ́ pè é wá sí Stirling, ó fún un ní ìwé àbò pé kò sí ohun tí yóò ṣe é. William wá. Ní alẹ́ kejì, ọjọ́ 22, lẹ́yìn oúnjẹ, ọba ní kó tú ìmùlẹ̀ náà. Ó ní òun kò lè tú u. Ọba ní bí kò bá tú u, èyí yóò tú u, ó sì fi ọ̀bẹ gún un. Àwọn ìránṣẹ́ ọba parí èyí tó kù, ọ̀kan nínú wọn fi àáké là á lórí. Ojú ọgbẹ́ 26 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Ìtàn sọ pé wọ́n ju òkú náà gba ojú fèrèsé bọ́ sínú ọgbà tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Douglas títí di báyìí.

Mo dúró nínú ọgbà náà, mo gbé ojú sókè wo ògiri. Ọdún méjìlélọ́gọ́fà ló wà láàárín ọjọ́ tí Douglas kan kú nígbà tó gbé ọkàn ọba kọ́ ọrùn àti ọjọ́ tí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Douglas mìíràn, ẹni tí ọkàn ọba náà wà lára asà rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ dá ọba láre kí ọdún náà tó tó ìdajì. Wọ́n ní William ló fa ikú ara rẹ̀.

"Ìwé àbò yẹn ńkọ́, Dádì?" ni ọmọ mi béèrè bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ wà, lórí títì olókúta tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ ìlú. Mo ní ní oṣù tó tẹ̀lé e, James Earl Kẹsàn-án kó ẹgbẹ̀ta ọkùnrin wá sí Stirling, wọ́n so ìwé náà, pẹ̀lú èdìdì gbogbo tó wà lára rẹ̀, mọ́ ìrù ẹṣin, wọ́n sì wọ́ ọ nílẹ̀ káàkiri ìgboro kí wọ́n tó dáná sun ìlú. Ó bojú wo òkúta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Títì yìí?" Mo ní ó ṣeé ṣe.